Dátábéèsì Sítọ̀ Kún: Ẹ Má Tíì Pa Nǹkan Kan Rẹ́

Ọ̀rọ̀ tòní kan àwọn tó ní ilé iṣẹ́, ìbáà ṣe ilé iṣẹ́ gàrí, ti búrẹ́dì, ti omi inú ọ̀rá tàbí ibi tí wọ́n ti ń la pákó, tí wọ́n sì ń fi kọ̀ǹpútà ka ohun tó wọlé sí sítọ̀ àti ohun tó jáde. Mo fẹ́ sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí fáìlì tí kọ̀ǹpútà yẹn ń kọ nǹkan sí bá kún, tí kò gba ohunkóhun mọ́. Ó lè jọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjíníà lásán. Àmọ́ mo fojú ara mi rí i níbi tó ti fẹ́ sọ obìnrin àgbàlagbà kan di olè, obìnrin tí kò mú abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni.

Àárọ̀ tí kọ̀ǹpútà ní òun yó

Ilé iṣẹ́ kan wà ní gúúsù Èkìtì níbí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Gàrí àti láfún ni wọ́n ń ṣe. Àwọn àgbẹ̀ máa ń kó ẹ̀gẹ́ wá bá wọn láti Èmùré, láti Ìsẹ̀, àti láti àwọn abúlé tó yí Ìkẹ́rẹ́ ká, àwọn kan nínú pick-up, àwọn mìíràn lórí ọ̀kadà. Tí ẹ̀gẹ́ bá dé, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n, akọ̀wé á tẹ iye kílò sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á tẹ rísíìtì jáde, àgbẹ̀ á sì mú rísíìtì lọ gba owó. Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Wọ́n kàn máa ń pè mí tí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe wọ́n ní wàhálà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, fóònù mi dún kí aago mẹ́jọ tó lù. Akọ̀wé ni. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó. Mo tẹ ẹ̀gẹ́ bàbá kan wọlé, kọ̀ǹpútà ní kò sí àyè. Mo tún un tẹ̀, ó tún ní kò sí àyè. Àwọn tó wà lórí ìlà ti ń pariwo.”

Ẹ̀yin náà mọ ẹ̀gẹ́. Tí wọ́n bá ti hú u tán, kò ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa dú, á sì máa rà. Àgbẹ̀ tó bá gbé ẹrù rẹ̀ padà sí Èmùré nítorí kọ̀ǹpútà, àdánù ló gbé lọ sílé.

Mo ní kó ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà fún mi. Nọ́ńbà 1105 wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé àyè ò sí mọ́ fún àtẹ tí wọ́n fẹ́ kọ nǹkan sí, pé PRIMARY ti kún. Máníjà gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Irọ́ ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo dísìkì ni, 300 GB ló ṣófo níbẹ̀. Báwo ló ṣe máa kún?” Ìbéèrè gidi ni máníjà bi, ìdáhùn rẹ̀ sì ni ìpìlẹ̀ ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé.

Kíkún ò ju oríṣi mẹ́rin lọ

Ẹ fojú inú wo àká tí àgbẹ̀ ń kó iṣu sí. Tí wọ́n bá ní “iṣu ò gbàyè mọ́,” ọ̀rọ̀ yẹn lè túmọ̀ sí nǹkan púpọ̀. Ó lè jẹ́ pé gbogbo ilẹ̀ oko ti kún. Ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ ṣì wà, àmọ́ ọgbà tí a fi yí àká ká ò jẹ́ kó gbòòrò. Ó lè jẹ́ pé onílẹ̀ ti sọ pé ẹ ò gbọdọ̀ kọ́ àká tó ju báyìí lọ. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni pàǹtí dí. Bí dátábéèsì náà ṣe rí nìyẹn.

Èkíní, dísìkì fúnra rẹ̀ lè kún. Èyí ló rọrùn jù láti mọ̀, torí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí kọ̀ǹpútà á rí i.

Ìkejì, ẹni tó gbé dátábéèsì kalẹ̀ lè ti fi òdiwọ̀n sí fáìlì rẹ̀, pé kó má ju iye báyìí lọ, tàbí kó ti pa agbára tí fáìlì fi ń dàgbà fúnra rẹ̀. Dísìkì á ṣófo, fáìlì á sì kún.

Ìkẹta ni ti òfin ẹni tó ni sọ́fúwíà. Ọ̀pọ̀ sọ́fúwíà sítọ̀ tí wọ́n ń tà fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké níbí, orí SQL Server Express ti Microsoft ni wọ́n gbé e kà, torí ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ yẹn ní ààlà. Láti ẹ̀yà 2008 R2 títí dé 2022, dátábéèsì kan ò gbọdọ̀ ju 10 GB lọ, ìyẹn 10,240 MB. Tó bá ti kan ibẹ̀, ì báà jẹ́ òkè Olósùnta ni àyè tó ṣẹ́kù lórí dísìkì yín tó, kò ní gba ìlà kan sí i.

Ìkẹrin ni ti fáìlì kejì tó máa ń bá dátábéèsì rìn, èyí tí wọ́n ń pè ní log. Gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ kọ ọ́ síbẹ̀, kó lè rántí ibi tó dé tí iná bá lọ lójijì. Tí wọ́n bá gbé dátábéèsì sí ipò tí wọ́n ń pè ní Full, tí ẹnikẹ́ni ò sì ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ fún log yẹn, ńṣe ni á máa wú lọ títí tí ibi tó wà á fi kún. Nọ́ńbà tirẹ̀ ni 9002. Log ò sí nínú ìṣirò 10 GB yẹn o, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀.

Ti ilé iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí, ìkẹta ni. Dátábéèsì wọn ti dé 10 GB, kò yẹ̀ bí irun. Ìdí nìyẹn tí 300 GB fi ṣófo tí kò sì sí àyè.

Ohun tí wọ́n ṣe kí n tó dé

Mo wà ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan, pé mò ń bọ̀. Àmọ́ ìlà àgbẹ̀ ń gùn, ọ̀gá pátápátá sì ń pè láti ìrìn àjò. Ni wọ́n bá pe àwọn tó ta sọ́fúwíà fún wọn. Ọmọkùnrin kan wọlé láti ọ̀nà jíjìn, ó bá wọn ṣe é láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ó wá àtẹ tí wọ́n ń kọ ọjà tó jáde sí, ó pa gbogbo ìlà oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ́. Ìlà bíi 10,000 ni. Ó ní, “Ó ti tó bíi ọdún méjì, kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́.” Mi ò dá ọmọ náà lẹ́bi púpọ̀. Wọ́n ní kó ṣe é kíá ni, ó sì ṣe é kíá.

Kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ padà, gbogbo ayé hó. Àgbẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n wọn ẹrù wọn. Nígbà tó kan ẹnì keje, kọ̀ǹpútà tún ní kò sí àyè.

Kí ló dé? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìlà kan tó sọ pé “ọjà báyìí jáde, àpò báyìí, ọjọ́ báyìí, lọ́wọ́ lágbájá,” kò ju nǹkan bíi báìtì 200 lọ. Ìlà 10,000 jẹ́ MB 2. Àmọ́ sọ́fúwíà wọn tún máa ń ya fọ́tò ẹrù lórí òṣùwọ̀n, á sì tọ́jú fọ́tò náà sínú dátábéèsì. Fọ́tò kan tó nǹkan bíi KB 300. MB 2 ò lè gbà ju fọ́tò mẹ́fà lọ, kò tó keje. Iye àgbẹ̀ tí wọ́n rí dá lóhùn nìyẹn gẹ́lẹ́.

Ẹ tún wò ó síwájú. Ẹrù 60 lójúmọ́, fọ́tò kan fún ẹrù kọ̀ọ̀kan, MB 18 lójúmọ́. Ọjọ́ iṣẹ́ 26 lóṣù, MB 468. Ẹ pín 10,240 sí 468, á fún yín ní oṣù 22 ó dín díẹ̀. Kò tó ọdún méjì tí dátábéèsì fi kún. Ká ní ìlà ọjà tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde nìkan ni, 500 ìlà lójúmọ́, MB 2.6 lóṣù, ọdún tó lé ní 300 ni ì bá gbà kó tó kún. Kì í ṣe ìṣirò ọjà ló kún inú dátábéèsì yẹn. Fọ́tò ni. Ọmọkùnrin yẹn lọ gé ọwọ́, ó fi ẹsẹ̀ tó wú sílẹ̀.

Àpò 2,140 tó “sọnù”

Àyè tí kò tó kọ́ ni aburú tó wà nínú ohun tó ṣe. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ọjọ́rú, ọ̀gá pátápátá ṣí fóònù rẹ̀, ó wo iye gàrí tó wà ní sítọ̀. Kọ̀ǹpútà ní àpò 2,512 ló wà níbẹ̀. Ó pe máníjà pé kó lọ kà á. Máníjà kà á, 372 ló bá. Àpò 2,140 ò sí níbẹ̀.

Ẹni tó ń tọ́jú sítọ̀ náà, Ìyá Sítọ̀ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó jókòó sí ọ́fíìsì, wọ́n sì ti ń dárúkọ ọlọ́pàá.

Mo kí i. Mo ní, “Ẹ kú ìjókòó o, mà.”

Ó ní, “Ọmọ mi, ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà. Bá mi bi í pé ibo ni mo kó o gbà. Àpò ẹgbẹ̀wàá ó lé, ṣé abẹ́ ìró ni mo fi gbé e ni?”

Mo ní, “Mà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ jẹ́ n wo ohun tí wọ́n pa rẹ́.”

Ṣé ẹ rí i, ọ̀pọ̀ sọ́fúwíà sítọ̀ kì í tọ́jú iye tó ṣẹ́kù sí ojú kan. Ńṣe ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lákọ̀tun nígbà gbogbo: gbogbo ohun tó ti wọlé láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹ yọ gbogbo ohun tó ti jáde kúrò, ohun tó kù ló wà ní sítọ̀. Tí 1,000 bá wọlé, tí 640 jáde, 360 ló kù. Tí ẹ bá wá pa àkọsílẹ̀ 640 yẹn rẹ́ torí pé ó ti pẹ́, kọ̀ǹpútà á ní 1,000 ló ṣì wà níbẹ̀. Kò purọ́, kò sì mọ òtítọ́. Ohun tí ẹ fún un ló ń kà.

Ọmọkùnrin yẹn pa ohun tó jáde rẹ́. Ohun tó wọlé, kò pa á rẹ́, torí àtẹ tó wọlé so mọ́ àtẹ mìíràn, kọ̀ǹpútà ò sì gbà fún un. Gbogbo gàrí tí wọ́n ti tà ní oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, àpò 2,140, tí àwọn oníbàárà ti jẹ tán, “padà” sí sítọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n wá ní kí Ìyá Sítọ̀ kó o jáde.

Bí a ṣe yọ ọ́

Nǹkan méjì ló gbà wá. Àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹ̀dà ìpamọ́ lórí dísìkì mìíràn, ti ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú. Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, mi ò gbé e lé orí èyí tí wọ́n ń lò. Ohun tí ọmọ náà pa rẹ́ ti lé lọ́dún kan, nítorí náà gbogbo rẹ̀ pé sínú ẹ̀dà ọjọ́ Ẹtì. Mo ro àpò gàrí tó jáde nínú ìlà tí wọ́n pa rẹ́ pọ̀. 2,140 ló jẹ́.

Ìkejì, Ìyá Sítọ̀ fúnra rẹ̀ ní ìwé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà dé ni wọ́n ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò yé kọ ìwé. Ìwé ńlá aláwọ̀ búlúù, ọjọ́, iye àpò, nọ́ńbà ọkọ̀, ibi tí dírẹ́bà ti fọwọ́ sí i. A ṣí ìwé oṣù mẹ́rin yẹn, a ro ó pọ̀ níwájú máníjà. 2,140.

Máníjà ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó ní, “Ẹ máa bínú, mà.” Ìyá Sítọ̀ gba kọ́kọ́rọ́. Ó ní, “Mo ti gbọ́. Àmọ́ ẹ pe ẹni tó wà lórí fóònù yẹn náà, kó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀.”

Lẹ́yìn ìyẹn la wá tọ́jú kíkún náà bó ṣe yẹ. A kó fọ́tò jáde sínú fódà kan lórí dísìkì tó ṣófo, a fi ọ̀nà tó lọ síbi tí fọ́tò kọ̀ọ̀kan wà nìkan sílẹ̀ nínú dátábéèsì. A kà wọ́n: iye fọ́tò tó wà nínú dátábéèsì àti iye tó dé fódà bára mu. Ìgbà yẹn la tó yọ wọ́n kúrò nínú dátábéèsì. Àyè ṣí, a dá ìlà 10,000 padà sí ipò wọn, kọ̀ǹpútà sì ka 372.

Kì í ṣe ilé iṣẹ́ kékeré nìkan

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwa ará ìlú kékeré ni, ẹ jẹ́ n mú yín lọ sí ilẹ̀ Japan. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023, gbogbo ilé iṣẹ́ mẹ́rìnlá tí Toyota ti ń to mọ́tò pọ̀ ní ilẹ̀ náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró, torí pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bèèrè àwọn ẹ̀yà ara mọ́tò lọ́dọ̀ àwọn tó ń pèsè wọn kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn rò pé àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ló kọ lù wọ́n. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, Toyota fúnra wọn ṣàlàyé. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, wọ́n ń ṣe ìtọ́jú tí wọ́n máa ń ṣe, wọ́n ń pa dátà tó ti kó jọ sínú dátábéèsì rẹ́, wọ́n sì ń tún un tò. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ni àyè dísìkì ti tán mọ́ wọn lọ́wọ́, tí ẹ̀rọ fi dúró. Ẹ̀rọ tó yẹ kó gba iṣẹ́ ṣe rọ́pò ńkọ́? Orí ètò kan náà ló wà, ohun kan náà ló sì ṣe é. Ìgbà tí wọ́n gbé dátà lọ sórí sáfà tó tóbi jù ú lọ ni nǹkan tó bọ̀ sípò, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ kíyè sí i pé ìgbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ gan-an ni àyè tán. Ìmọ́tótó fúnra rẹ̀ ń fẹ́ àyè. Tí ẹ bá fẹ́ tún àká tó kún dé ẹnu ọ̀nà tò, ẹ nílò àgbàlá tí ẹ ó kọ́kọ́ kó iṣu sí. Nínú dátábéèsì, gbogbo ìlà tí ẹ bá ń pa rẹ́ ni kọ̀ǹpútà ń kọ sínú log pé òun ń pa á rẹ́. Ẹni tó bá pa mílíọ̀nù ìlà rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí dísìkì tó ti fẹ́ kún, òun fúnra rẹ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ sínú.

Ohun tí ẹ ó ṣe, ní ìtẹ̀léra

Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí.

Èkíní, ẹ mú ìwé. Kí ìwé rísíìtì tó ní nọ́ńbà wà nílé nígbà gbogbo. Ẹ máa wọn ẹrù, ẹ máa kọ ọ́, ẹ máa sanwó fún àgbẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà bá jí, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ìwé ló máa fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láyè láti ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ká ní ìwé rísíìtì wà lẹ́bàá òṣùwọ̀n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni, kò sẹ́ni tí ì bá kánjú pa nǹkan kan rẹ́.

Ìkejì, ẹ ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ sórí dísìkì mìíràn kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ẹ sì gbé ẹ̀dà náà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn láti rí i pé ó ṣí. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí wò rí, ìrètí lásán ni.

Ìkẹta, ẹ bi í léèrè pé èwo nínú mẹ́rin yẹn ló kún. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun tó kún inú rẹ̀. Nínú irinṣẹ́ tí Microsoft ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ fún iṣẹ́ yìí, SQL Server Management Studio, ìjábọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Disk Usage by Top Tables. Ó máa to àwọn àtẹ láti orí èyí tó tóbi jù. Ká ní ọmọkùnrin yẹn wò ó fún ìṣẹ́jú méjì péré, fọ́tò ni ì bá rí lókè pátápátá.

Ìkẹrin, ohun tó tóbi tí kò sì sí nínú ìṣirò ni kí ẹ kọ́kọ́ kó jáde: fọ́tò, ìwé tí wọ́n ya sínú kọ̀ǹpútà, àkọsílẹ̀ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde nínú sọ́fúwíà. Ẹ kà wọ́n kí ẹ tó yọ wọ́n, ẹ sì ṣí díẹ̀ wò nínú wọn.

Ìkarùn-ún, tó bá di dandan kí ẹ gé ìṣirò àtijọ́ kúrò, ẹ yan ọjọ́ kan, ẹ ka ọjà tó wà ní sítọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí ẹni tó ń tọ́jú sítọ̀ àti akọ̀wé owó jọ fọwọ́ sí i. Ẹ tẹ iye yẹn wọlé bí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ fún ọjà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá kó ohun tó wọlé àti ohun tó jáde ṣáájú ọjọ́ yẹn lọ sínú dátábéèsì ìpamọ́, àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ kó ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Ẹ má sì jù wọ́n nù. Òfin ilé iṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè wa, CAMA ọdún 2020, ní kí ilé iṣẹ́ tọ́jú ìwé ìṣirò rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Ìkẹfà, tí ẹ bá ń pa nǹkan rẹ́, ẹ máa ṣe é díẹ̀díẹ̀, ìlà ẹgbẹ̀rún kan sí ẹgbẹ̀rún márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa wo log. Ẹ ṣe é nígbà tí iṣẹ́ bá ti parí, kí iná tó dájú sì wà, torí NEPA kì í kí ni pé ó dàbọ̀.

Ìkeje, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí fáìlì ò bá kéré sí i lẹ́yìn tí ẹ yọ nǹkan kúrò. Àká ò ní fúnra rẹ̀ kéré torí pé ẹ kó iṣu jáde. Inú rẹ̀ ló ṣófo, kọ̀ǹpútà á sì kó nǹkan tuntun síbẹ̀. Àwọn kan máa ń fún fáìlì pọ̀ lójoojúmọ́ kó lè jọ pé ó kéré. Ìyẹn máa ń da ìtò inú rẹ̀ rú, á sì mú kí kọ̀ǹpútà máa falẹ̀.

Ṣé ẹ lè kàn gba àyè tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. SQL Server Express ti ọdún 2025 ti gbé ààlà náà dé 50 GB. PostgreSQL náà jẹ́ ọ̀fẹ́, kò sì fi irú ààlà bẹ́ẹ̀ sí dátábéèsì. Àmọ́ pẹ̀lú MB 468 lóṣù, 50 GB náà á kún ní ọdún mẹ́sàn-án. Ìgbà yẹn, ó lè jẹ́ pé kò ní sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́ tó rántí ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Excel

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ò ní dátábéèsì, Excel ni ẹ fi ń ṣe tiyín. Tiyín náà ń kún. Fáìlì Excel àtijọ́, èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .xls, kò gbà ju ìlà 65,536 lọ. Èyí tòde òní gba 1,048,576. Access ò gbà ju 2 GB lọ. Ewu Excel ni pé nígbà mìíràn kì í pariwo. Ní ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, àjọ tó ń rí sí ìlera ará ìlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kó èsì àyẹ̀wò sínú fáìlì .xls. Ó kún, èyí tó kù já dànù láìsí ìró. Èèyàn 15,841 tó ti ní àrùn náà láàárín ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ni wọn ò kà mọ́ iye tí wọ́n ń kéde lójoojúmọ́. Dátábéèsì tó ní “mo yó” sàn ju fáìlì tó ń jù nǹkan nù láìsọ̀rọ̀ lọ.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí

Kíkún dátábéèsì kì í ṣe ohun tó ń dé lójijì. Kì í ṣe bí ìjàǹbá ọkọ̀. Ó ń bọ̀ láti oṣù 22 sẹ́yìn, MB 18 lójúmọ́, ẹnikẹ́ni ò sì wò ó. Nítorí náà, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan kọ ìlà kan sínú ìwé: iye tí fáìlì dátábéèsì jẹ́, iye tí log jẹ́, iye tó ṣófo lórí dísìkì. Tí ẹ bá ti ní oṣù mẹ́ta, ẹ ó mọ iye tó ń wọlé lóṣù, ẹ ó sì lè fi ìka ka oṣù tó kù. Tó bá ti ku oṣù mẹ́fà, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ní oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ kì í kánjú pa nǹkan rẹ́.

Ní ilé iṣẹ́ tí mo sọ yìí, ìwé yẹn ti wà báyìí. Ẹ fẹ́ mọ ẹni tó ń kọ ọ́? Ìyá Sítọ̀ ni. Akọ̀wé fi ibi tí wọ́n ti ń wo iye GB hàn án, ó sì fa ìlà mìíràn sínú ìwé búlúù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye àpò. Mo débẹ̀ lóṣù tó kọjá, ó pè mí, ó fi ìka lé ìlà náà. Ó ní, “Ọmọ mi, GB méjì ó lé díẹ̀ ni. Sọ fún wọn pé ó ṣì pọ̀ nílẹ̀.”

Ibi tí a ó ti dúró lónìí nìyẹn. Tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ yín rí, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, kí àwọn ẹlòmíràn lè kọ́gbọ́n níbẹ̀. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà yín ní ìbéèrè kan péré: “Fáìlì wa ti dé mélòó, mélòó ló sì kù?” Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ti mọ iṣẹ́ tó kàn lọ́la. Ó dìgbà kan ná o.